Kétu ni Sènábù Wà, Kì í Ṣe Páríìsì

Wọ́n tún ní ẹnu mi ló gbóná jù. Ẹnu mi wo? Mi ò tíì la ẹnu lọ́jọ́ náà kí gbogbo nǹkan tó dàrú. Ìka ni mo fi tẹ fóònù, ìka kan péré, òun ni wọ́n wá ń pariwo lé lórí láti Pedro títí dé Onípanu bí ẹni pé mo ti iná bọ sukúù. Tíṣà Math pè mí lánàá, ó ní, "Àǹtí French, ẹ ṣáà lọ kúnlẹ̀ fún Mọ́mì, kí ọ̀rọ̀ yìí tán." Mo ní kúnlẹ̀ kọ́, kúnlẹ̀ ni. Kíkúnlẹ̀ gan-an ló dá ìjà yìí sílẹ̀, ẹ tún wá ní kí n lọ kúnlẹ̀!

Ẹ má bínú. Bí inú bá ń bí mi, mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀, kó lè yé yín.

Kétu ni mo ti wá. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò, kì í ṣe Kétu tó wà lọ́nà Mile 12. Kétu tiwa wà ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn Faransé ti jọba. Yorùbá la fi ń jẹun nílé, Faransé la fi ń lọ sí sukúù. Ọjọ́ tí mo dé Bariga, alábàágbé Àǹtí Sàláwà kan bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Kétu. Ó wo báàgì mi tòkè tilẹ̀, ó ní, "Kétu ibí yìí náà lo di irú ẹrù báyìí bọ̀ láti ibẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Àǹtí Sàláwà yìí, àbúrò ìyá mi ni. Ó ń ránṣọ ní Pedro, ilé rẹ̀ wà ní Abúlé Òkúta, yàrá kan. Òun ló gbà mí sílé.

Kí n tó kúrò nílé, ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé Èkó kì í ṣe àjò. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Yorùbá lèmi náà, kí ló tún kù? Irọ́ gbáà. Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí kì í ṣe ariwo, kì í ṣe iná tí wọ́n ń mú lọ, a máa ń jókòó sínú òkùnkùn ní Kétu náà. Ohun tó dùn mí ni ọmọbìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti fẹ́ ra káàdì fóònù. Mo fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, ó fi òyìnbó dá mi lóhùn. Mo tún un sọ, ó tún fi òyìnbó dá mi lóhùn. Orúkọ Yorùbá sì wà lọ́rùn rẹ̀ o, Fọlákẹ́, wọ́n fi góòlù ṣe é sí ẹ̀gbà ọrùn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń ka ọrùn rẹ̀ bí ìwé.

Àwọn tó tiẹ̀ ń fi Yorùbá dá mi lóhùn, wọ́n ní mò ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń kọrin. Àwọn kan ń pè mí ní Ègùn, àwọn kan ní ará Kútọnu. Èmi tí mi ò gbọ́ Ègùn! Èmi tí mi ò gbé Kútọnu rí!

Ìyá mi máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Kì í béèrè oúnjẹ, kì í béèrè iṣẹ́. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé wọ́n ń kí ẹ níbẹ̀?"

Màá ní, "Wọ́n ń kí mi, Ìyá."

Irọ́ nìyẹn náà. Nínú àgbàlá wa ní Abúlé Òkúta, èèyàn á kọjá lára ẹ nídìí omi bí ẹni pé korobá ni ẹ́. Mo gbé ibẹ̀ pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọn ò kórìíra mi. Wọ́n ń sáré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tọ́ ní Kétu, tí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀ láàárọ̀ tí wọn ò kí i, gbogbo ọjọ́ yẹn á máa bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni, ní Ṣómólú. Ẹ mọ Ṣómólú, òórùn yíǹkì ló máa kọ́kọ́ kí yín kí ẹnikẹ́ni tó kí yín. Ìgbà ìbò ni, pósítà olóṣèlú la ń tẹ̀ láàárọ̀ lọ́sàn-án. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ká a, kí n tò ó, kí n dì í. Gbogbo ojú wọn tò sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí n sọ òótọ́ fún yín, lóṣù yẹn, àwọn nìkan ló ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Etí kan ni mo fi ń gbọ́ ti ọ̀gá, mo ki íápíìsì bọ èkejì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ òyìnbó. Obìnrin kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi fídíò kọ́ni, mi ò mọ ìlú rẹ̀, òun náà ò mọ̀ pé mo wà láyé. Bó bá ti ní kí n tún un sọ, màá tún un sọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pariwo gbòógbòó, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi, kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Fọlákẹ́. Mo fi òyìnbó ra káàdì. Ó wojú mi, ó ní, "Ah, Àǹtí, ṣé ẹ ò gbọ́ Yorùbá ni?" Mi ò bá a jà. Mo délé kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Àǹtí Sàláwà ní ṣé kò sí o.

Ibi ìtẹ̀wé yìí náà ni Mọ́mì ti rí mi. Mọ́mì ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun ló ni sukúù kan ní Bariga, ó wá kó ìwé tí a tẹ̀ fún sukúù rẹ̀. Àbúrò mi Rabí pè mí lórí fóònù lákòókò náà. Tíṣà ni Rabí ní Kétu, bí a bá sì ń sọ̀rọ̀, Yorùbá ni, Faransé ni, a máa ń pò ó pọ̀. Mọ́mì gbé ìwé sílẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, French lo ń sọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"French gidi?"

Mo ní, "Mà, kí ni wọ́n ń pè ní French ayédèrú?"

Ọ̀gá mi ní ìtẹ̀wé di orí mú. Ṣùgbọ́n Mọ́mì rẹ́rìn-ín, ó ní, "O máa lè kó ọmọ níjàánu. Wá rí mi lọ́jọ́ Monday." Bàtà tí mo wọ̀ dé kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ti bọ́ ọ fún mi ní ọ́fíìsì, nítorí ó rí sílípáàsì tí mo wọ̀ wá. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kúlà oúnjẹ wá sí Abúlé Òkúta. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. Bí mo bá ń sọ ìyókù, ẹ má rò pé ènìyàn búburú ni mò ń sọ.

Kò sí ìwé French kankan ní sukúù náà. Fóònù mi ló wà, tẹlifíṣọ̀n kan sì wà tí Mọ́mì fi ń ṣe fàájì fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ra wáyà, mo fi so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo máa ń gba fídíò sílẹ̀ kí n tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ́kì Bariga, bó bá wù ú ló ń wá. Fídíò ọmọkùnrin òyìnbó kan ló dùn mọ́ wọn jù, Léo ni wọ́n ń pè é. Léo ń fọ eyín, Léo ń lọ sí sukúù, Léo ń jẹ búrẹ́dì gígùn kan báyìí. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo fídíò fúnra mi. Màá gba ohùn kúrò, kí àwọn ọmọ sọ ohun tí Léo ń ṣe. Màá fi aṣọ bo ojú tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n fetí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Màá dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀, kí wọ́n parí ẹ̀. Ariwo kíláàsì mi ń dé ojú títì.

Inú mi dùn dé ibi pé mo pe Mọ́mì kó wá wò ó. Mo na ìka sí ọmọkùnrin kan níwájú, mo fi Faransé bi í pé kí lorúkọ ẹ. Ó ta dìde: "Je m'appelle Léo!"

Mo bi ẹnì kejì. "Je m'appelle Léo!"

Mo bi Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé gan-an. "Je m'appelle Léo!"

Gbogbo kíláàsì ń jẹ́ Léo. Mo bi ọ̀kan pé kí ló fẹ́ jẹ, ó sì ka ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torin torin, nítorí ìpolówó yẹn ló máa ń ṣáájú fídíò náà. Mọ́mì pàtẹ́wọ́. Kò gbọ́ French, lójú tiẹ̀ ó dùn gbọ́. Èmi fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Lọ́jọ́ yẹn ló yé mi pé fídíò ò ní etí. Léo á béèrè ọ̀rọ̀, á tún fúnra rẹ̀ dáhùn, á máa lọ. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n. Kí nìdí tí wọ́n á fi sọ orúkọ ara wọn fún ẹni tí ò gbọ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, tiyín ò jọ ti Léo." Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní kó jókòó. Mọ́rẹ́nikẹ́ ló rọra nawọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ìyá àgbà mi náà máa ń sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ń fà á bíi tiyín. Ó dùn létí mi." Mo kọjú sí pátákó, mò ń nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo pe Rabí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rojọ́. Rabí kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún wọn ní ẹni tó ní etí. Kíláàsì tèmi ńkọ́?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Rabí gba ohùn ọmọ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó fi ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ fún kíláàsì mi. Ohùn tín-ín-rín kan ni, adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀: "Bonjour. Je m'appelle Sènábù. Et toi?"

Ó dákẹ́. Ohùn ò tíì parí o, a ṣì ń gbọ́ adìẹ, a ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí. Àwọn ọmọ mi ń wo ara wọn.

"Àǹtí, kí ló ń retí?"

"Ẹ̀yin ló ń retí. Ó ní kí lorúkọ yín."

"Ó máa gbọ́ wa?"

"Ó máa gbọ́ yín."

Mọ́rẹ́nikẹ́ dìde, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ó ní, "Je m'appelle Mọ́rẹ́nikẹ́." Ẹ ẹ̀ mọ bó ṣe rí lára mi. Léo kú lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn, oníkálùkù fẹ́ sọ orúkọ ara rẹ̀ sínú fóònù mi.

Lọ́jọ́ kejì, èsì dé. Sènábù sọ French díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́, orúkọ yín dùn o." Kíláàsì bú gbàmù! "Àǹtí! Ọmọ French gbọ́ Yorùbá! Àǹtí, ó gbọ́ Yorùbá!" Wọ́n fò sórí àga. Mo sáré ti fèrèsé, nítorí ní sukúù wa, ọmọ tó bá sọ Yorùbá á lọ kúnlẹ̀ síwájú ọ́fíìsì ni. Wọ́n wá ń sọ Yorùbá wúyẹ́wúyẹ́ sínú fóònù, wọ́n ń bi Sènábù pé ṣé wọ́n ń jẹ indomie ní Kétu.

Mo máa ń ronú sí i bí mo bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Bí mo bá lọ kí wọn ní Kétu báyìí, ará Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ní mò ń sáré sọ̀rọ̀, mò ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn. Ní Bariga, ará Kútọnu ni mí. Mo wá rò ó pé bóyá ilé ò ju ibi tí wọ́n ti ń dá ẹ lóhùn lọ. Kíláàsì yẹn, tó gbóná bí ààrò, tí fáànù rẹ̀ ń dún tí kò fẹ́ atẹ́gùn, mo ti ń fojú ilé wò ó.

Etí Mọ́mì gbọ́. Mo rò pé màá jẹ gbèsè Yorùbá tí wọ́n ń sọ, àfi bó ṣe dì mọ́ mi. Ó ní Open Day ti sún mọ́lé, ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, ó ní èyí gan-an la máa fi hàn wọ́n. Mo ní kí Rabí ṣe fídíò gidi, kí gbogbo kíláàsì rẹ̀ wà níbẹ̀. Rabí sọ fún Ìyá mi, Ìyá mi sọ fún gbogbo Kétu. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yà á, Ìyá mi fúnra rẹ̀ lọ sí sukúù, ó ń fa kọ́là ọmọ olọ́mọ tọ́. Ó pè mí, ó ní, "Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kí àwọn àgbà. Àwọn òbí yẹn á dáhùn, àbí?"

Mo ní, "Wọ́n á dáhùn, Ìyá. Màá gba ohùn wọn sílẹ̀, màá fi ránṣẹ́."

Ó ní, "A ó máa retí."

Bí Open Day ṣe ku ọ̀la, Mọ́mì pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọ̀la, n óò sọ fún àwọn òbí pé Páríìsì ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wà."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. "Mọ́mì, Kétu ni wọ́n wà."

"Ta ló mọ Kétu? Bí mo bá ní Kétu, wọ́n á ní ṣé wọ́n nílò láti san owó sukúù kí ọmọ wọn tó bá ará Mile 12 sọ̀rọ̀?"

"A lè ṣàlàyé fún wọn, mà."

"Má gbé fídíò síta. Ohùn nìkan ni kó o tẹ̀, ohùn ò ní ojú. Kó o sì gé Yorùbá inú ẹ̀ kúrò. Bó bá parí, èmi á ní kí gbogbo òbí jọ kí wọn, 'Bonjour Paris', wàá gbà á sílẹ̀. Ó máa dùn."

Ó rí ojú mi. Ó wá jókòó, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o ń rí sukúù tó wà ní òdìkejì. O ń rí bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ lọ. Ṣé o fẹ́ kí n ti ibí pa ni? Ibo ni gbogbo yín máa wọ̀? Bí ọ̀la bá lọ dáadáa, màá sọ ẹ́ di tíṣà gidi, pẹ̀lú lẹ́tà. Ṣáà tẹ fóònù, kó o dákẹ́. Dákẹ́ nìkan ni mo ní kó o ṣe."

Mo wo bàtà ẹsẹ̀ mi, bàtà rẹ̀ ni. Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà." Mo sì gé ohùn náà bó ṣe wí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo gé e. Ó wà lórí fóònù mi lọ́jọ́ kejì, fídíò odindi lókè, ohùn tí mo gé nísàlẹ̀ rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn òbí jókòó, wọ́n ń fi ìwé ètò fẹ́ra. Mọ́mì wọ léèsì, ó gba máìkì, ó fi òyìnbó sọ fún wọn pé àwọn ọmọ wọn ń bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Páríìsì sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, bàbá kan tiẹ̀ súfèé. Mo dúró ti tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú fóònù. Mọ́rẹ́nikẹ́ jókòó níwájú, ó di ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mú, ìyá arúgbó kan báyìí, ó wọ ìró àti bùbá àdìrẹ. Ọmọ náà dìde, ó rìn wá bá mi. Ó fà mí láṣọ.

"Àǹtí, ṣé Sènábù ti kó lọ sí Páríìsì ni?"

Mo bojú wo fóònù ọwọ́ mi.

"Kò sọ fún mi pé òun ń lọ. Ṣé ó bínú sí mi ni?"

Mọ́mì ń ṣẹ́jú sí mi láti ìdí máìkì, pé kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ro ti Ìyá mi tó ń dúró de ìdáhùn. Mo rò ó pé èmi máa fi "Bonjour Paris" ránṣẹ́ sí i, pé àwọn ọmọ yẹn máa pagbo yí fóònù Rabí ká, wọ́n á máa retí pé kí àwọn òbí pe orúkọ wọn, kí wọ́n wá gbọ́ pé Páríìsì ni àwọn òbí ń kí. Ìka mi gòkè. Fídíò ni mo tẹ̀.

Erùpẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ nínú aṣọ kákí, wọ́n tò. Wọn ò sọ̀rọ̀. Gbogbo ọkùnrin inú wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo obìnrin kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa. Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa." Wọn ò sì dìde.

Mọ́mì di máìkì mú bí ẹni tí iná gbé. Àwọn ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ń dúró.

Ìyá àgbà Mọ́rẹ́nikẹ́ nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Àárọ̀ ire o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣé o. Ó tó, ẹ dìde. Ẹ dìde, erùpẹ̀ ti ba aṣọ yín jẹ́."

Wọ́n sì dìde.

Gbogbo òbí mí kanlẹ̀. Èmi nìkan ló mọ̀ pé Ìyá mi ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà, pé òun ló ní kí wọ́n dìde, ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, bí ẹ bá fetí sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n lójú gbogbo gbọ̀ngàn, wọ́n gbọ́ ti ìyá arúgbó yẹn ni. Mo ti sọ fún yín pé fídíò ò ní etí. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní.

Sènábù wá síwájú, ó sọ French rẹ̀, ó já gaara. Bàbá tó súfèé lẹ́ẹ̀kan ní, "Mọ́mì, Páríìsì ti ní erùpẹ̀ báyìí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mọ́mì ní nẹ́tíwọ́kì ló da nǹkan pọ̀, pé kí wọ́n má bínú. Ìgbà yẹn ni mo tó la ẹnu. Mo ní, "Nẹ́tíwọ́kì kọ́. Kétu nìyẹn, ilé mi ni. Àbúrò mi ló ń kọ́ wọn. Wọ́n kí yín, wọ́n sì ń dúró de ìdáhùn."

Ìyá arúgbó yẹn wò mí. Ó ní, "Kétu? Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí mi sí. Ọjà Kétu ni ìyá mi ń ná. Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ilé mi ni ẹ́, o ò sì wá kí mi láti ọjọ́ yìí?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo ń sunkún bí ọmọ kékeré.

Àwọn òbí kan dìde, wọ́n jáde. Ìyá kan ní òun ò san owó kí ọmọ òun lè lọ kọ́ Yorùbá. Àwọn tó kù pagbo yí fóònù mi ká, wọ́n kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá, bàbá onísùúfèé yẹn ló tiẹ̀ pẹ́ jù.

Ní ọ́fíìsì, Mọ́mì ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó bọ́ gèlè, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Mo fi ẹ́ ṣe ọmọ. O sì dójú tì mí lójú àwọn tí mò ń bẹ̀ kí wọ́n má lọ." Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Máa lọ sílé. Màá pè ẹ́." Kò tíì pè. Mo gbọ́ pé òbí kan ti kó ọmọ rẹ̀ lọ sí òdìkejì. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àga nílé Àǹtí Sàláwà. Mo nù ún, mi ò tíì wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ìyá mi pè lọ́jọ́ Sunday. Mo ti fi ohùn àwọn òbí ránṣẹ́. Ó ní gbogbo ọmọ ló ń bẹ Rabí kó tún un tẹ̀, pé Sènábù ti mọ ohùn ìyá àgbà Mọ́rẹ́nikẹ́ sórí, ó ń ṣe é fún wọn bí eré. Kò bi mí ní ohun tó máa ń bi mí. Ó kàn ní, "Wọ́n ń kí ẹ níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ báyìí." Mi ò sọ fún un pé mo wà nílé láìníṣẹ́.

Tíṣà Math ní kí n lọ bẹ Mọ́mì. Màá lọ. Màá kúnlẹ̀ pàápàá, nítorí bàtà, nítorí kúlà oúnjẹ, nítorí omi tí mo rí lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí n sọ pé mo jẹ̀bi pé mo tẹ fídíò, kí ni kí n sọ? Ọmọ fà yín láṣọ, ó ń béèrè bóyá ọ̀rẹ́ òun bínú sí òun. Ìyá yín ń retí nílé. Ẹ sì di fóònù náà mú lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ má ṣe ojú àánú fún mi, ẹ sọ òótọ́: ṣé ẹ̀yin ì bá dákẹ́?